Ṣé Ojú Kan Náà Ni Àwọn Lẹ́ńsì Yìí Ní?

Láàárín àwa tí à ń kọ kóòdù jẹun, tí a sì fẹ́ràn fọ́tò, àríyànjiyàn kan kì í tán: ṣé òótọ́ ni pé gbogbo lẹ́ńsì Sigma Art tí wọ́n kọ f/1.4 sí lára ní ojú kan náà? Àwọn kan tiẹ̀ ní bí a bá fi fọ́tò lásán han àwọn, kíá làwọn á dá a mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná. Ẹ mú iye mìlímítà tí wọ́n kọ sára lẹ́ńsì, ẹ fi 1.4 pín in, ẹ ó mọ bí ihò rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ti 35mm tó jáde ní 2012 jẹ́ mìlímítà 25. Ti 50mm ọdún 2014 fẹ́ẹ̀ tó 36. Ti 85mm ọdún 2016 lé ní 60. Bí wọ́n ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ dọ́gba, ibẹ̀ ni wọ́n ti jọra. Àmọ́ ẹ̀yìn tó ń di bàìbàì, tí àwọn èèyàn ń pè ní ojú lẹ́ńsì, ihò yẹn àti bí a ṣe súnmọ́ ẹni tí à ń yà ló ń pinnu ẹ̀. Ọmọ ìyá ni wọ́n lóòótọ́, ìwà wọn ò papọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ tó ní ojú kan náà, kó wo ti Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkéré, tí wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, ti wà ní British Museum báyìí. Àwọn ère ibẹ̀ yọ síta lára pákó bíi pé wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ló fún un lójú yẹn. Lẹ́ńsì ò lọ́wọ́, tiwa ló ń lò.

Ní Ìsinbọ̀dé, a fi 85mm ya Yèyé wa níwájú ilé tí wọ́n fi owó kòkó kọ́. Irun funfun orí ẹ̀ ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹbí tó wà lókè òkun ń pariwo pé ó rẹwà. Yèyé wò ó títí, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ilé mi dà?”

A dín ihò náà kù sí f/8, ó ku bíi mìlímítà 11, a sún sẹ́yìn díẹ̀, a tún un yà. Ògiri jáde, páànù tó ti dógùn-ún jáde, kòkó tí wọ́n sá sílẹ̀ náà jáde. Lẹ́ńsì kan náà ni, ìrọ̀lẹ́ kan náà ni. Àmọ́ fọ́tò kejì yìí ni ọmọ tí a ò tíì bí máa fi mọ̀ pé Ìsinbọ̀dé ni Yèyé jókòó sí.