Àtimí Kanlẹ̀ ní Kétu

Ẹni tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn jẹjẹrẹ tó ń mú ẹ̀yà ara tí a fi ń mí, kì í pẹ́ gbọ́ ìbéèrè kan náà lẹ́nu ará ilé àti ẹni tó wá kí i: "Ṣé ẹ máa ń mu sìgá tẹ́lẹ̀ ni?" Bí onítọ̀hún bá dáhùn pé òun kò fẹnu kan sìgá rí, ìdáhùn náà kì í tẹ́ olùbéèrè lọ́rùn, nítorí pé, bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, ẹ̀dọ̀fóró ara rẹ̀ ni ó ń wádìí: bó bá jẹ́ sìgá ni, àìsàn náà mọ ilé ẹni tó ń lọ, kò sì ní í yà sọ́dọ̀ ẹni tí kò mu ún.

Àmọ́ ní 2012, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ní ìlú Lyon kéde pé èéfín ẹ́ńjìnnì dísù ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ ìta tó ti dọ̀tí kún un ní 2013. Ẹni tó bá mọ Mile 12 ní Èkó, níbi tí tírélà tó kó tòmátò àti àlùbọ́sà wá láti Òkè Ọya ti ń tò síwájú ọjà, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń kùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kò nílò àlàyé púpọ̀. Ní oṣù Kẹta 2018 ni òkìtì ìdọ̀tí Olúsósùn ní Ọjọ́ta gbiná, tí èéfín rẹ̀ sì bo àdúgbò, tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn fi ń rùn bíi rọ́bà tó jóná, tí àwọn ìyá ń fi ìborùn bo imú ọmọ ẹ̀yìn wọn. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ kankan léèrè lọ́sẹ̀ yẹn bóyá ó ń mu sìgá.

Roy Castle, òṣèré àti afunfèrè ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò mu sìgá rí àmọ́ tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, gbà pé èéfín sìgá àwọn tó ń gbọ́ orin òun nínú kílọ́ọ̀bù ni ó kó àìsàn náà ran òun. Ó rìn káàkiri ní 1994 láti kówó jọ fún ilé ìwádìí kan ní Liverpool, kó tó kú lóṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Afunfèrè kò lè mí díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mí kanlẹ̀, bí yàrá bá sì kún fún èéfín, èéfín náà ni yóò mí kanlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fèrè yìí ló sọ ìmọ̀ràn eré ìdárayá tí wọ́n ń fún ẹni tó la àìsàn náà já di ìṣòro. Apá 3 ni ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún ní, 2 ni ti òsì; wọ́n lè gé ọ̀kan kúrò kí ìyókù máa bá iṣẹ́ lọ, bí ara bá ń ṣiṣẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ka ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ mọ́ àwọn tó yẹ kó máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ rìn kánmọ́kánmọ́ tàbí ṣe eré ìdárayá, bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Àwọn ọmọ ilé, ní tiwọn, á ní, "Mà, ẹ lọ jókòó," wọ́n á sì gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀; ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa sọ iṣan ẹsẹ̀ di yẹpẹrẹ.

Ní Kétu, tí kò jìnnà sí Mile 12, afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lórí títì Ìkòròdú ni eré ìdárayá tí kò gbowó: kéèyàn gun àtẹ̀gùn, kó di irin mú, kó ká ètè jọ bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kó sì rọra tú èémí jáde. Ẹni tó jókòó ń mí nǹkan bíi lítà 6 wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń gun òkè a máa mí ìlọ́po rẹ̀, èéfín dánfó abẹ́ afárá a sì bá a wọlé. Oògùn àti májèlé wà nínú ìgò kan náà. Nítorí èyí, ìbéèrè tó wúlò jù ni ibi tí aláìsàn ti lè mí kanlẹ̀, àti ìgbà tó lè ṣe é. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ọkọ̀ tó pọ̀, ni ẹni tó gbọ́n máa ń gun afárá náà. Bí tírélà kan bá sì yọ láti ìhà Mile 12, á dúró, á di èémí mú títí yóò fi kọjá.