Omi Ewé Mọ̀ríńgà Lórí Àlùbọ́sà Mi

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Àkàrà ni mo ń dín l'Átàn-Ọ̀tà, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Lùsádà, ní ìdájí, kí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá ń dín àkàrà mọ̀ pé bí àlùbọ́sà ò bá sí nínú ẹ̀, ẹ̀wà lílọ̀ lásán la dà sínú òróró.

Nígbà tí rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣá ṣẹlẹ̀ n'Íbàdàn nínú oṣù kejì, ọdún 2021, tí àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Òkè Ọya sì dáwọ́ dúró fún bíi ọ̀sẹ̀ kan, àlùbọ́sà di wúrà. Bẹ́ẹ̀, ó ti wọ́n tẹ́lẹ̀ láti ìparí 2020. Mo dín èyí tí mo ń gé sínú àkàrà kù, ojú ẹsẹ̀ làwọn oníbàárà mi mọ̀. Ọmọkùnrin kan tó máa ń ra ti igba náírà lójoojúmọ́ bu ẹyọ kan jẹ, ó wò mí, ó ní, "Ìyá Alákàrà, ẹ ti gbàgbé nǹkan kan o." Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó padà wá.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n ní èmi náà yóò gbin tèmi sẹ́yìnkùlé. Owó tí mo kó jọ láti fi san owó WAEC ọmọ mi obìnrin ni mo mú nínú ẹ̀ ra irúgbìn, mo sì gbìn ín nínú oṣù kẹrin, bí ẹni ń gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ká má parọ́, ewé rẹ̀ yọ dáadáa. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀, ìdí rẹ̀ ò ta, nígbà tó sì máa di oṣù keje, gbogbo ẹ̀ ti jẹrà, ó ń rùn. Bàbá àwọn ọmọ mi ló lọ yáwó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kí ọmọ tó lè forúkọ sílẹ̀. Kò bá mi jà, àmọ́ ó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyẹn sì dùn mí ju ìjà lọ.

Málàámù tí mo ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Sángo ló là mí lójú. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn ní Sókótó, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọyẹ́ ń fẹ́ làwọn ń gbin àlùbọ́sà, omi tí àwọn bá fà wá sóko ló ń mu, kì í ṣe tòjò. Ni mo bá fọ́n irúgbìn nínú oṣù kẹwàá, mo sì ṣí i lọ sórí ebè mẹ́rin ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá.

Ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ọgbà ló sọ fún mi nípa omi ewé mọ̀ríńgà. Nikolaus Foidl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní Nicaragua, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ níbi ìpàdé kan ní Dar es Salaam, ní Tanzania, lọ́dún 2001. Wọ́n ní irè oko tí wọ́n fín in sí, títí kan àlùbọ́sà, fi nǹkan bíi 20 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Èròjà kan tó ń jẹ́ zeatin, tó ń mú ewéko dàgbà, ló wà nínú ewé náà. Ọ̀mùnú tí kò tíì ju ogójì ọjọ́ lọ là ń já. Ẹ gún un pẹ̀lú omi díẹ̀, lítà kan sí kílò mẹ́wàá ewé, ẹ fún un, kí ẹ sì fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ife kan omi ewé, ife 32 omi lásán. Kí wákàtí márùn-ún tó kọjá ni kí ẹ ti fín in tán. Èmi ṣàgídí, mo tọ́jú ìyókù sínú kẹ́ẹ̀gì di ọjọ́ kẹta. Òórùn tó tinú ẹ̀ jáde, ẹ má béèrè.

Ebè méjì ni mo fín in sí, mo fi méjì sílẹ̀ kí n lè mọ ìyàtọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ṣóńṣó ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mọ̀ríńgà ni mo ń bú. Bàbá àwọn ọmọ mi wò ó, ó ní, "Ìyá wọn, ṣé ebè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lo fín in sí ni?" Àyà mi já. Omi gọ́tà tó ń ṣàn wá láti ẹ̀yìn iléeṣẹ́ kan ni mo ń bu sí gbogbo wọn, nítorí ó sún mọ́ tòsí. Omi tó jẹ́ pé lónìí ó pupa, lọ́la ó dúdú! Ohun tí mo fẹ́ fún ènìyàn jẹ sì nìyẹn. Mo fa gbogbo ẹ̀ tu, mo dà á nù. Ọpẹ́lọpẹ́ pé èyí tí mo ṣẹ́ kù síbi tí mo fọ́n ọn sí ṣì wà. Mo kọ ebè mẹ́rin mìíràn sí apá kejì ilé, omi kànga la sì ń fà sí i.

Kòkòrò wínníwínní tó ń fa omi ara ewé, tó ń mú kó ní ilà funfun bíi fàdákà, náà dé. Dóńgóyárò ni mo fi kojú rẹ̀: kóró inú èso rẹ̀ tó ti gbẹ, ìdajì kílò, tí mo gún, tí mo rẹ sínú lítà mẹ́wàá omi mọ́jú, tí mo sẹ́, tí mo sì fi ọṣẹ díẹ̀ sí kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, torí oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Kì í pa kòkòrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ o. Kì í jẹ́ kí wọ́n lè jẹun, kí wọ́n sì dàgbà ni. Ẹ má gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé ti lè tó o.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wó lulẹ̀ fúnra rẹ̀, mo dáwọ́ omi dúró. Òjò ti ń ṣú ní ìparí oṣù kẹta, ọdún 2022, tí a fi sáré hú u. Kò tóbi tó ti Sókótó, púpọ̀ nínú ẹ̀ ò ju ẹyin adìyẹ lọ. Ebè méjì tí mo fín mọ̀ríńgà sí kún garawa pẹ́ńtì mẹ́ta, méjì yòókù kún garawa méjì ó lé díẹ̀. Mo dín àkàrà ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ẹ̀ kí n tó padà sọ́dọ̀ Málàámù.

Bàbá àwọn ọmọ mi ní apá tí mo fín in sí ló ń gba oòrùn jù, pé ìyẹn ló fà á. N kò bá a jiyàn, òótọ́ lè wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, mo yí i padà: apá tí kì í rí oòrùn púpọ̀ ni mo fín in sí. Apá yẹn náà ló tún pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pẹ̀lú díẹ̀ ni. Mo gbé garawa síwájú rẹ̀. Ó wò ó, ó tún dákẹ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ tọ̀tẹ̀ yìí dùn mọ́ mi.