Olùwáṣẹ́ Kì í Ṣe Alágbe

Ó tó ọdún mẹ́fà tí mo ti wà lára àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn olùwáṣẹ́ lẹ́nu wò ní ibi iṣẹ́ wa. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni èmi pàápàá jókòó ní òdìkejì tábìlì. Ohun tí mo rí ní ìhà méjèèjì ni ó mú mi gbà pé ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ilẹ̀ wa ń ṣe sí olùwáṣẹ́ bí ẹni ń ṣe sí alágbe.

Ẹ wo ìnáwó rẹ̀ ná. Ẹni tí a pè láti Ìbàdàn wá sí Ìkẹjà fún agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ní láti jí kí àkùkọ tó kọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé owó ọkọ̀ tí ó yá ni ó fi ń rìn. Nílé Yorùbá, bí àlejò bá wọlé, ìjókòó àti omi ni a kọ́kọ́ fi ń lọ̀ ọ́. Ní ilé iṣẹ́ kan, àwa méjìdínlógún ni wọ́n pè fún agogo kan ṣoṣo. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá kí ó tó kàn mí, omi lásán a kò rí. Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó níwájú mi ń tẹ fóònù. Èkejì bi mí pé ìgbà wo ni mo fẹ́ bímọ. (Kí ló pa ọmọ bíbí àti ìwé ìṣírò owó pọ̀?) Wọ́n ní àwọn yóò pè mí. Títí di òní, n kò gbúròó wọn.

Àìdáhùn yìí ni mo kà sí èyí tó burú jù. Ẹni tí a sọ fún pé kò rí iṣẹ́ gbà yóò sunkún lálẹ́ ọjọ́ kan, yóò sì gba ibòmíràn lọ. Ẹni tí a kò dá lóhùn yóò máa gbé fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí sùn, yóò máa kọ iṣẹ́ kékeré tó bá yọjú nítorí ó ń retí ti ńlá, ìyá rẹ̀ yóò sì máa bi í lálaalẹ́ pé, "Wọn ò tíì pè ẹ́?"

Ó máa ń gba ẹ̀mí nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, àjọ tí ń rí sí ìwọlé-wọ̀de ní Nàìjíríà kó àwọn olùwáṣẹ́ jọ sí àwọn pápá ìṣeré fún ìdánwò. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000; àyè iṣẹ́ kò tó 5,000. Ó kéré tán, ènìyàn 15 ni wọ́n tẹ̀ pa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó wá ni ó sì ti san 1,000 náírà.

Ilé iṣẹ́ wa kò lówó rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni a ń fún ní àkókò tirẹ̀, a sì ń kọ iye owó oṣù sínú ìpolówó. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, a ó kọ̀wé sí ẹni tí a kò gbà. Ọ̀gá wa kan ní kò sí àkókò fún irú iyẹn. Mo kọ̀wé sí àwọn mẹ́rìnlá níṣojú rẹ̀, kò gbà mí tó wákàtí kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fèsì pé, "Ẹ ṣeun, mà. Ibi mẹ́sàn-án ni mo lọ lọ́dún yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ dá mi lóhùn." Nígbà tí àyè mìíràn ṣí ní oṣù tó kọjá, òun ni mo kọ́kọ́ pè. Ó ti ríṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ó darí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sí wa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ó rí i, ní agogo mẹ́wàá.