Nígbà Tí Àwọn Ọmọdé Gé Ìròyìn Mi

Ìdì ìwé ìròyìn mẹ́rin ti wà lábẹ́ ibùsùn mi ní Pápá Àjàó láti ọjọ́ tí mo ti fi iṣẹ́ akọ̀ròyìn sílẹ̀. Ìròyìn tí èmi fúnra mi kọ ló wà nínú wọn. Ìyàwó mi ti sọ ọ́ títí pé kí n tà wọ́n fún àwọn alákàrà, mo kọ̀ jálẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Sátidé kan nínú ìsinmi ilé-ìwé, mo fa ìdì kan jáde, mo gbé e síwájú àwọn ọmọ àdúgbò mẹ́sàn-án, mo sì ní kí wọ́n gé e.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ wọn kò le lójú mi. A óò gbọ́ orin. Ohun tí etí bá gbọ́, ọwọ́ yóò gé e, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Kò gbọdọ̀ jọ ènìyàn, kò gbọdọ̀ jọ ilé tàbí igi. Àwọ̀ àti ìrísí nìkan ni a fẹ́: gígùn, kúkúrú, ṣóńṣó, róbótó. Ọwọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Ládìpọ̀ ni mo ti gba páálí. Télọ̀ ilé kejì fún wa ní àjákù ańkárá, àwọn ọmọ sì ṣa ọ̀rá bisikíìtì wá. A se sítáàṣì gbágùúdá, irú èyí tí àwọn olóṣèlú fi ń lẹ àwòrán ara wọn mọ́ ògiri wa nígbà ìdìbò.

Orin àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá ni mo kọ́kọ́ fi sí i. Orin ń lọ, kò sí ẹni tó gé nǹkan kan. Ọmọkùnrin kan ló wá là á mọ́lẹ̀ pé: “Bàbá oníwèé ìròyìn, kí ni ká gé? Ẹ ṣe tiyín ká wò ó, sà.”

Kò yà mí lẹ́nu. Ìjọba fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà àti àṣà sí ara ohun tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́, àmọ́ èyí tí àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ̀ ni pé kí olùkọ́ ya ife sára pátákó, kí wọ́n sì wò ó yà. Ẹni tí tirẹ̀ bá jọ ti olùkọ́ jù lọ ló ń gba máàkì.

Mo pa orin náà, mo fi ìlù dùndún sí i láìsí akọrin, mo sì ní kí wọ́n di ojú. Mo ṣàlàyé pé ẹbí ni àwọn ìlù náà. Ìyáàlù ni í sọ̀rọ̀: bí onílù bá fún okùn awọ tó yí i ká, ohùn á gòkè, bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á sọ̀kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ohùn ẹni tó ń sọ Yorùbá. Gúdúgúdú kì í gòkè kì í sọ̀kalẹ̀; kéékèèké ni ohùn tirẹ̀, léraléra, láìdáwọ́ dúró. Mo wá bi wọ́n pé, èwo ló gùn? Èwo ló kéré? Èwo ló wà lókè, èwo ló wà nísàlẹ̀?

Ìgbà náà ni àlùmọ́gàjí bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọmọkùnrin tó bi mí léèrè gé ańkárá gbọọrọ kan tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ bí ọ̀nà orí òkè. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ń jà sí ọ̀rá bisikíìtì tó ń dán, nítorí olúkúlùkù wọn ní òun ló máa fi ṣe ṣaworo ìyáàlù.

Ọmọdébìnrin kan, tí kò lè ju ọdún mẹ́jọ lọ, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn mi kan ló mú, ó gé e sí wẹ́wẹ́, ó sì ń lẹ̀ wọ́n ní ìlà ìlà. Mo wò ó dáadáa: orúkọ mi ni ó wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ègé náà, ó sì ti dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi wá orúkọ yẹn. Mo na ọwọ́, mo fẹ́ yí i padà.

“Kí tiẹ̀ ni èyí?” ni mo bi í.

“Gúdúgúdú ni, sà. Ẹ má tún un ṣe. Bó ṣe dún nìyẹn.”

Mo fa ọwọ́ mi padà. Iṣẹ́ ìròyìn ti kọ́ mi pé ohun gbogbo gbọ́dọ̀ ní àkọlé: ta ni, kí ni, níbo, nígbà wo. Ohun tí n kò bá lè dárúkọ, ojú ohun tí kò tíì parí ni mo fi ń wò ó. Síbẹ̀, ta ló rí ìlà ara aṣọ òkè tó bi ahunṣọ pé kí ni ó jọ?

Orin kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bí àwòrán láàárín wa. Nígbà tí Georgina Beier ń darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1964, ìdí eré Dúró Ládiípọ̀ ni díẹ̀ nínú àwọn tó kọ́ ti wá. Onílù àti òṣèré ni Mùráínà Oyèlámì. Iná orí ìtàgé ni Jímọ̀ Bùráímọ̀ ń bójú tó. Oníjó àti akọrin ni Twins Seven-Seven. Nílẹ̀ òkèèrè ẹ̀wẹ̀, Wassily Kandinsky gbọ́ orin Arnold Schoenberg ní Munich ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1911, ó sì fi àwọ̀ yẹ́lò rẹpẹtẹ ya ohun tó gbọ́.

Nípa ti ìwé ìròyìn mi tí wọ́n gé, àdúgbò wa níbí ni mo ti rí ìtùnú. Òpópónà Olójé ní Pápá Àjàó ni Bruce Onobrakpeya, àgbà ọ̀jẹ̀ tí a bí ní 1932, fi ibi iṣẹ́ rẹ̀ sí. Bí ó bá ti fi línólíọ̀mù tí ó gbẹ́ tẹ àwòrán tán, kì í dà á nù. Ó ti lẹ irú wọn mọ́ pákó, ó kùn wọ́n ní àwọ̀ idẹ, wọ́n sì di iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Ohun tó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán tún lè ṣe òmíràn.

Mo bẹ ọmọ náà, ó fún mi ní páálí rẹ̀. Ó wà lára ògiri pálọ̀ mi báyìí, orúkọ mi sì dojú kọlẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá gbé irú rẹ̀ wálé, ẹ má ṣe bi í pé kí ni ó jọ. Ẹ bi í pé báwo ló ṣe dún, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ní Sátidé kejì, mo fa ìdì kejì jáde.