Ẹ Má Fi Ẹ̀sìn Ra Ìbò Mi

Ilé-ìwé ló sọ mí di ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi, aránṣọ tí kì í jẹ́ kí ìrun kankan kọjá òun, kò rò ó rí pé ọmọ òun kan yóò fi mọ́sálásí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955, ilé-ìwé ìjọ Àǹgílíkà ló súnmọ́ ilé wa n'Íbàdàn, ibẹ̀ ni wọ́n mú èmi àkọ́bí lọ. Nígbà tí yóò fi kan àbúrò mi ọkùnrin, ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1923 kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láì sọ ẹ̀sìn rẹ̀ nù, ti kọ́ tiwọn sí òdìkejì àdúgbò. Wọ́n fún èmi lórúkọ tuntun níbi ìrìbọmi. Òun ń jẹ́ èyí tí àáfà sọ ọ́. Lónìí, Àlàájì ni, èmi sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ kan ló yà wá sọ́tọ̀, ó ń tan ara rẹ̀ ni. Bí ilé-ìwé ṣe jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa ló yà wá.

Síbẹ̀, a kò ya oúnjẹ. Láàárọ̀ Kérésìmesì, àkùkọ á wà ní síso lẹ́yìnkùlé mi, omi á ti máa hó lórí iná, ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kàn án títí àbúrò mi yóò fi dé. Òun ni yóò kọ orí rẹ̀ sí gábàsì, tí yóò ṣe bísímílà, tí yóò dú u. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ tán, gbogbo ẹbí, tó fi mọ́ ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ẹlẹ́hàá, lè jẹ nínú ìkòkò kan náà. Kò sẹ́ni tó kọ òfin yìí sílẹ̀ fún wa. Nígbà ààwẹ̀ ńkọ́? Àwa ọmọ ilé-ìwé ìjọ la mọ orin ajísààrì jù ládùúgbò, torí àwa ò ní ààwẹ̀ tí yóò mú wa rọ lọ́sàn-án.

Òṣèlú ló kọ́kọ́ fi ìjà hàn mí. N kò ju ọmọ ọdún 16 lọ nígbà tí ìbò Ìwọ̀-Oòrùn ti oṣù Ọ̀wàrà 1965 di rògbòdìyàn. Àwọn Ọlọ́pẹ, ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀, ń wá àwọn Dẹ́mọ̀, ọmọlẹ́yìn Akíntọ́lá, kiri. Wọn á da bẹntiróòlù sára ilé, sára mọ́tò, nígbà mìíràn sára ènìyàn, wọn á sì ṣáná sí i. Wẹ́tìẹ̀ là ń pè é. Kìrìsìtẹ́nì ni Awólọ́wọ̀, Kìrìsìtẹ́nì ni Akíntọ́lá. Ládùúgbò wa, àwọn tó jọ ń kírun ní sàfù kan náà ló ń júwe ilé ara wọn fún àwọn tó gbé epo dání. Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀sìn ni ìṣòro ilẹ̀ yìí, mo máa ń rántí àwọn ilé náà.

Nínú ìbò ààrẹ ọjọ́ 12 oṣù Òkúdù 1993, Abíọ́lá Mùsùlùmí ló mú Kíńgíbè Mùsùlùmí ṣe igbákejì. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa dìbò fún Ẹṣin, àmì ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ìyá ìjọ dìbò fún Ẹṣin. Ohun tí a mọ̀ nípa Abíọ́lá ni pé ó ń dáwó fún ṣọ́ọ̀ṣì bó ṣe ń dá fún mọ́sálásí. Nígbà tí ìjọba Bàbáńgídá fagi lé ìbò náà, tí ọkùnrin náà sì kú sí àhámọ́ ní 1998, ẹkún kan náà la jọ sun.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ìbò 1993 pé ọgbọ̀n ọdún, Tinúbú Mùsùlùmí mú Shettima Mùsùlùmí ṣe igbákejì, ariwo sì sọ. N kò sọ pé ẹni tó ń bẹ̀rù kò nídìí. Òfin Ṣàríà ti gba ìpínlẹ̀ 12 lókè Ọya láàárín ìgbà náà, Boko Haram sì ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Nílẹ̀ tiwa níbí, ìjọba ti gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn láì yanjú ẹni tó ni ín. Ní 2016, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ ní àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè máa lo ìjáàbù nílé-ìwé ìjọba l'Ọ́ṣun, àwọn ọmọ kan wọ aṣọ akọrin wá sí kíláàsì n'Íwòó láti fi ẹ̀hónú hàn. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí. Mo wo fọ́tò wọn nínú ìwé ìròyìn, inú bí mi: àwọn àgbàlagbà ń jà lórí aṣọ, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá àga pé.

Lọ́jọ́ ìbò 2023, ẹ̀rọ BVAS tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò kọ ìka mi. Ẹfun àti ọṣẹ ti jẹ ìlà ọwọ́ mi tán. Ọmọbìnrin agùnbánirọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ojú yín ni n ó lò. Ẹ má ṣẹ́jú." Bí mo ṣe dúró báyìí, obìnrin kan lẹ́yìn mi ń wí pé pásítọ̀ àwọn ti sọ ẹni tí Ọlọ́run yàn. Ọkùnrin kan dá a lóhùn pé lèmọ́mù tàwọn náà ti sọ. Àwọn méjèèjì ti tò ní báńkì lọ́sẹ̀ yẹn nítorí owó tuntun tí kò sí, wọ́n ti fi owó ra owó lọ́dọ̀ àwọn oní-POS. Wọn ò mẹ́nu kan ìyẹn.

Mo ń gbàdúrà o. Ìdájí ni mo ń jí sí i, àbúrò mi náà sì ti wà lórí ẹní nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù Èbìbi 2023, tí lítà kan fò láti nǹkan bí náírà 190 sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọkọ̀ kan náà làwa méjèèjì jọ wọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì wò, kí wọ́n lè rí i pé a ò tí ì kú. Akọ̀wé tó dá wa jókòó títí di ọ̀sán kò béèrè ẹ̀sìn wa.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ìbò 2027 ti ń bọ̀. Bí olóṣèlú bá wá kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, tàbí tó wá jókòó ní sàfù àkọ́kọ́ ní mọ́sálásí yín, ẹ jẹ́ kó gbàdúrà rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, kí ẹ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ bi í léèrè oṣù tí yóò san owó àjẹmọ́nú àwọn olùkọ́ tó kọ́ ọ níwèé.