Àkọ́rọ̀ Òjò Nínú Ọgbà Kan ní Jos

Ẹni tó bá ti gbé Jos pẹ́ mọ̀ pé ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ọyẹ́ eré. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, eruku ni lójoojúmọ́, ètè àti gìgísẹ̀ á máa là, koríko á gbẹ bí ẹni pé kò tún ní hù mọ́. Orí òkè ni ìlú náà wà, ó fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju ojú òkun lọ. Ìdí nìyẹn tí òtútù ibẹ̀ kì í fi í ṣe ẹgbẹ́ ti Ìbàdàn tàbí ti Èkó. Ṣùgbọ́n bí oṣù kẹta bá ti ń parí lọ, ojú ọ̀run á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Àwọn òyìnbó ní ìgbà ìrúwé tiwọn, nígbà tí yìnyín bá yọ́. Àkọ́rọ̀ òjò ni tiwa lókè Jos.

Ilé Yorùbá pọ̀ ní Jos, pàápàá ti àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí òwò ti gbé lọ sókè Ọya láti ayé àwọn bàbá wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà lára wọn. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ó ti lé lógójì ọdún tí wọ́n ti wà nínú ilé kan náà. Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wọn kò tóbi. Bí ènìyàn bá gbé ogójì ìṣísẹ̀, ó ti kan ògiri. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa ń fẹ́ jókòó sí bí mo bá lọ kí wọn ní oṣù kẹrin. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fara balẹ̀ wo ọgbà náà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí àwọn ọmọ Màmá ti ń sọ ọ́ pé àwọn fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí gbogbo ilẹ̀ náà.

Kì í ṣe gbogbo òdòdó ló ń dúró de òjò. Igi jakaránda tó wà ní igun ọgbà ti wọṣọ kí òjò tó ṣú. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ á kọ́kọ́ wọ́, lẹ́yìn náà ni òdòdó elésè àlùkò á bo ẹ̀ka rẹ̀. Èyí tó bá já bọ́ nínú rẹ̀ á tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Gúúsù Amẹ́ríkà ni igi yìí ti wá. Ìlú Brazil ni bogẹnfílíà tó gun ògiri ti wá, igi pánṣẹ́kẹ́ tó wà lẹ́bàá géètì sì wá láti erékùṣù Madagascar. Àlejò ni gbogbo wọn ní Jos, bíi tàwa náà. Ẹ wo bogẹnfílíà náà dáadáa nígbà mìíràn tí ẹ bá rí i: ohun pupa tí à ń pè ní òdòdó rẹ̀, ewé ni. Òdòdó rẹ̀ gan-an ni ohun funfun kékeré tó wà láàárín.

Ewé náà kò gbẹ́yìn nínú ọ̀ṣọ́. Ọ̀mùnú ewé máńgòrò kì í yọ ní àwọ̀ ewé. Pupa rẹ́súrẹ́sú ni ó máa ń yọ, á rọ̀ bí aṣọ, kó tó wá le, kó sì di aláwọ̀ ewé. Kúrótọ́ọ̀nù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ní pupa, ó ní àwọ̀ ìyeyè, ó tún ní dúdú. Pèrègún ni Màmá fi ṣe ààlà ọgbà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti gé igi rẹ̀ wá, wọ́n kàn rì í mọ́lẹ̀ ni, ó sì mú.

Ṣùgbọ́n ọmọ onílẹ̀ kan wà nínú ọgbà náà tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Ìdí àpáta ló máa ń gbé lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, a ò sì ní rí ohunkóhun lórí ilẹ̀. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, ọ̀pá kan ṣoṣo á yọ, á sì gbé òdòdó pupa róbótó sórí, bíi bọ́ọ̀lù tí a fi òwú ṣe. Scadoxus multiflorus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Isu rẹ̀ dà bí àlùbọ́sà, ṣùgbọ́n májèlé ni, nítorí náà Màmá kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin tí ẹ bá rí i nítòsí ilé yín, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín.

Níbi tí òdòdó bá wà, àlejò á dé. Ẹyẹ kékeré kan wà tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Ara akọ rẹ̀ ń dán yanran nínú oòrùn, abo rẹ̀ sì ní àwọ̀ eruku. Òkùn aláǹtakùn wà lára ohun tó fi ń kọ́ ìtẹ́ rẹ̀, tó ń rọ̀ dirodiro bí àpò. Omi inú òdòdó ló ń mu, ṣùgbọ́n kòkòrò àti aláǹtakùn ló fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá fi oògùn pa gbogbo kòkòrò inú ọgbà rẹ̀ ti fi ebi lé ẹyẹ náà lọ.

Lórí ògiri, orí akọ alángbá ti pọ́n bí ọsàn, ara rẹ̀ ti di àwọ̀ aró. Àwọn àgbà ní ó ń mi orí nítorí pé ó ń yin ara rẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ ìṣe ẹranko ní ó ń sọ fún àwọn akọ yòókù pé òun ló ni ibẹ̀ ni. Ọ̀gà náà wà níbẹ̀, ó ń rìn jẹ́jẹ́ lórí ẹ̀ka híbísíkọ́ọ̀sì. Òkúta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ lù ú bí wọ́n bá rí i, bẹ́ẹ̀ kò ní oró, eṣinṣin ló sì ń bá wa mú. Bí òjò bá ti dá lálẹ́, èsúnsún á tú jáde látinú ilẹ̀, wọ́n á ya bo iná. Àwọn ọmọdé á gbé abọ́ omi sábẹ́ gílóòbù, wọ́n á kó wọn yan jẹ. Ọ̀pọ̀lọ́ náà á wá gba ìpín tirẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí irú nǹkan báyìí lọ́pọ̀ yanturu, kó lọ sí igbó Amurum ní Laminga, lẹ́yìn ìlú Jos. Ibẹ̀ ni ilé ìwádìí ẹyẹ A.P. Leventis, tó jẹ́ ti Yunifásítì Jos, wà. Láàárín àwọn àpáta ibẹ̀ ni ẹyẹ kékeré ẹlẹ́yìn pupa kan ń gbé. Ọdún 1998 ṣẹ̀ṣẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fún un ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé. Ẹyẹ mìíràn tún wà níbẹ̀ tó máa ń yé ẹyin sínú ìtẹ́ rẹ̀, táá sì jẹ́ kó bá òun tọ́ ọmọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì tí mo dé, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù délẹ̀.

“Màmá, ilẹ̀ yìí ì bá ti máa pa owó wọlé,” àkọ́bí wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. “Ẹ sì mọ̀ pé àjò la wà. Ẹ rántí ìjà ọdún 2001. Àwọn tó kó ẹrù wọn lọ sílé nígbà náà, ta ló bá wọn gbé òdòdó?”

Màmá ò tètè dáhùn. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní, “Ta ló gbin máńgòrò tí ẹ fi dàgbà? Ṣé èmi ni? Ẹni tó gbé ilé yìí ṣáájú wa ló gbìn ín, òun náà sì ti lọ. Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́.” Wọ́n tún ní, “Òjò tó bá rọ̀ sórí sìmẹ́ńtì, gọ́tà ló ń gbà lọ. Èyí tó rọ̀ sórí ilẹ̀ ni kànga wa ń rí mu. Elégédé tí ẹ sì ń jẹ, àárọ̀ nìkan ni òdòdó rẹ̀ ń là. Bí oyin ò bá dé ibẹ̀ kó tó pa dé, kò ní so. Tí ẹ bá da sìmẹ́ńtì sí gbogbo ẹ̀, kí ni oyin fẹ́ wá ṣe níbí?”

Àríyànjiyàn náà kò parí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ-ọmọ wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè pe ìyẹn ní ọ̀rọ̀ kékeré. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fẹnu kò sí ṣọ́ọ̀bù méjì lójú títì, níbi tí ilẹ̀ ti le tí nǹkan kì í hù dáadáa. Pánṣẹ́kẹ́ ẹnu géètì ló bá a lọ. Jakaránda, ìdí àpáta, àti ilẹ̀ elégédé dúró.

Kò sí bí àyè yín ti lè kéré tó, ì báà ṣe ní Jos, Kàdúná, Àkúrà tàbí Kútọnú, ẹ lè fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri láìda sìmẹ́ńtì sí i. Ẹ má jó gbogbo ewé gbígbẹ, ẹ kó díẹ̀ sí ìdí igi. Ẹ gbé àwo omi kan sílẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Bí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ máa gbìn, ẹ tọrọ ẹ̀ka lọ́wọ́ aládùúgbò. Kàdúná ni àkọ́bí Màmá ń gbé báyìí; nígbà tó ń padà lọ, ọ̀pá pèrègún mẹ́ta ló dì sẹ́yìn mọ́tò.