Irun Láámà: Ẹwà Tàbí Ìlera?

Orí òkè Andes, níbi tí òtútù ti ń mú, ni láámà ti ṣẹ̀ wá. Ìbátan ràkúnmí ni, ṣùgbọ́n kò ní iké. Ní Texas tí mo ti ń sìn ín, ooru lè pa á bí a kò bá rẹ́ irun rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. A lè rẹ́ irun àárín ara nìkan, láti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú dé iwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí a sì fi ti ọrùn sílẹ̀ fún ẹwà. A sì lè rẹ́ ti gbogbo ara. Èyí ń mú ara tutù jù, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́. Èyí ó wù kí a yàn, a kì í fá a kodoro, kí oòrùn má baà jó awọ rẹ̀.

Èkejì ni mo yàn fún akọ mi, bí àwọn ọmọ mi tilẹ̀ fẹ́ràn irun ọrùn rẹ̀. Abo mi tí ó ti dàgbà ń gbọ̀n bí a bá dì í mú pẹ́, ìbẹ̀rù sì ń fi kún ooru ara rẹ̀; àárín ara nìkan ni mo ń rẹ́ fún un. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yọ ẹran ọ̀sìn sílẹ̀.